Kí A Bi Ìkanra Léèrè Kí A Tó Dá A Lẹ́jọ́

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún Ifá fún àwọn ọmọ Awo, àlejò àti olùwádìí, ní Alímọ̀ṣọ́

    

Ọ̀rọ̀ tí a gbé síwájú àpéjọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá bí ogun tàbí ìyàn. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ń tú ilé ńlá. Ìkanra ni orúkọ rẹ̀. Bí ènìyàn bá rìn kọjá láàárín àwọn ojúlé ní Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ní Ìgàndò ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí èrò ọjà àti èrò ọ́fíìsì bá ti wọlé, yóò gbọ́ ọ. Ìyá kan ń pariwo kí àdúgbò gbọ́, nítorí pé ṣíbí kan bọ́ sílẹ̀. Bàbá kan lé ọmọ jáde nínú yàrá, nítorí pé ọmọ náà béèrè owó ìwé. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹni tí ó pariwo náà a jókòó sí etí ibùsùn, a sì máa bi ara rẹ̀ pé, "Kí ló ṣe mí gan-an?" Kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ohun kan náà a tún ṣẹlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà láàárín ogójì ọdún sí ọgọ́ta ọdún. Yorùbá pín ọjọ́ ayé sí òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, wọ́n sì ń gbàdúrà kí alẹ́ sàn ju òwúrọ̀ lọ. Wọn kì í sábà dárúkọ ọ̀sán nínú àdúrà yẹn, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ni oòrùn ń mú jù. Ẹni tí ó wà ní ọ̀sán ayé ni àwọn ọmọ ń wò fún owó ilé ìwé, òun náà ni àwọn òbí tí ó ti darúgbó ń wò fún oògùn àti oúnjẹ. Ẹrù iwájú àti ẹrù ẹ̀yìn wà lórí rẹ̀. Lábẹ́ ẹrù méjèèjì yìí ni ara rẹ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà láìsọ fún un.

Inú àti ara

Èdè Yorùbá kò da ìbínú àti ìkanra pọ̀. Ìbínú ní ìdí tí a lè tọ́ka sí. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ bínú, ẹni tí wọ́n bú ní gbangba bínú; bí wọ́n bá tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, tí wọ́n sì bẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ a rọ̀. Ìkanra kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń kanra kì í lè tọ́ka sí ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ohun tí kò tó nǹkan a tó láti mú un fò sókè, ẹ̀bẹ̀ gan-an a sì máa dùn ún bí ẹni fi ọwọ́ kan egbò. Nínú ọ̀rọ̀ ìbínú, inú ni etí ń gbọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ìkanra, ara ni etí ń gbọ́. Ìyàtọ̀ yìí tó fi ṣe amọ̀nà: nígbà tí ìkanra bá dé bá ẹni tí kì í ṣe oníkanra tẹ́lẹ̀, ara ni kí a kọ́kọ́ bi léèrè.

Bí a bá bi ara obìnrin léèrè, ìdáhùn rẹ̀ kì í pamọ́ púpọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé láàárín ọdún 45 sí ọdún 55 ni nǹkan oṣù máa ń dáwọ́ dúró fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin. Ìdáwọ́dúró náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Ó lè gba ọdún mélòó kan kí ó tó parí. Nǹkan oṣù a di ségesège: a dé ní kíákíá, a pẹ́, a pọ̀ jù, a kéré jù. Ní gbogbo àkókò yìí, họ́mónù tí wọ́n ń pè ní estrogen kì í lọ sílẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bí ọkọ̀ tí ń gba ojú ọ̀nà kòtò kọjá. Họ́mónù yìí kò mọ sí ilé ọmọ nìkan. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ pẹ̀lú, níbi tí oorun àti ìṣesí ọkàn ti ń gba ìtọ́sọ́nà. Ìdí nìyẹn tí ooru òjijì fi ń bo ojú àti àyà, tí òógùn fi ń rẹ aṣọ ní òru, tí oorun fi ń já, tí ìgbàgbé díẹ̀díẹ̀ fi ń wọlé, tí ọkàn sì ń gbóná láìsí ẹni tí ó dá iná sí i. Obìnrin tí ìṣesí rẹ̀ máa ń yí padà gidigidi nígbà tí nǹkan oṣù bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí tí ẹ̀dùn ọkàn bá jà lẹ́yìn ìbímọ, lè rí i pé àkókò yìí le fún òun ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí oṣù méjìlá bá kọjá láìrí nǹkan oṣù, àkókò náà parí nìyẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ lẹ́yìn rẹ̀, ilé ìwòsàn ni ó kàn, kì í ṣe ohun tí a ń fi ọjọ́ dá.

Ti ọkùnrin yàtọ̀. Họ́mónù tirẹ̀, testosterone, kì í dáwọ́ dúró lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dínkù, ní ìwọ̀n bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún. Nítorí náà, bí ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún bá di oníkanra, ó dára kí a wá ibòmíràn wò pẹ̀lú: oorun tí kò tó, ìhanrun kíkan tí èémí ń dúró nínú rẹ̀, ọtí, ìrora tí ó ti pẹ́ lára, ìtọ̀ súgà, gbèsè, iṣẹ́ tí ó bọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀dùn ọkàn tí ó jinlẹ̀ pàápàá, ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í sunkún rẹ̀. Ariwo ni wọ́n fi ń sọ ọ́ jáde. Àrùn kan sì wà tí ń mú ọkùnrin àti obìnrin, tí ẹṣẹ́ inú ọ̀fun ń ṣiṣẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ; ó ń mú ọkàn sáré, ó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, ó ń mú ènìyàn rù, ó sì ń mú un kanra. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Ohun tí àdúgbò ń fi kún un

Ara kì í yí padà nínú òfìfo. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, 1,277,714 ènìyàn ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́, èyí tí ó pọ̀ ju ti ìjọba ìbílẹ̀ yòókù ní Ìpínlẹ̀ Èkó lọ. Ilẹ̀ tí ó jẹ́ oko àti abúlé àwọn Àwórì tẹ́lẹ̀ ti di ilé lórí ilé. Ẹni tí ó ń gbé Ìgàndò tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù ní láti jí kí àkùkọ tó kọ, kí ó tó bá èrò jà fún àyè nínú ọkọ̀. Ẹni tí ó ń tajà ní ọjà Ìkòtún wà láàárín ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, fèrè ọkọ̀ àti ìpè àwọn agbèrò láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ní ẹ̀bá ààtàn ńlá Solous ní Ìgàndò, èéfín àti òórùn a máa bá afẹ́fẹ́ wọlé. Ní òru, nígbà tí ooru òjijì bá jí obìnrin kan, iná mànàmáná lè ti lọ, fáànù a ti dúró, ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò a sì máa bú lẹ́bàá fèrèsé. Ẹni tí kò sùn dáadáa fún oṣù mẹ́ta, bí ó bá kanra mọ́ ọmọ tí ó da omi sílẹ̀, ohun tí ó yà ni lẹ́nu kọ́ nìyẹn. Ohun tí ó yà ni lẹ́nu ni pé ó ṣì ń dìde lọ sí ọjà.

Orúkọ burúkú tí ó yá jù lẹ́nu

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé ń gbà túmọ̀ ìkanra obìnrin tí ó ti sún mọ́ àádọ́ta ọdún kúrú púpọ̀: "Màmá yìí ti di àjẹ́." Wọ́n á rí ojú rẹ̀ tí ó pọ́n nítorí àìsùn, wọ́n á ní ó ń jáde lóru. Wọ́n á gbọ́ pé ó dìde ní agogo mẹ́ta òru láti fi omi tútù wẹra nítorí òógùn, wọ́n á ní ìpàdé ni ó lọ. Wọ́n á rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di kíkan, wọ́n á ní ẹnu rẹ̀ ni iṣẹ́ ọmọ kò fi lọ déédéé. Ìyàwó ọmọ a kó ẹrù jáde. Àwọn ọmọ a dáwọ́ ìpè dúró. Obìnrin tí ara rẹ̀ ń wá ìtọ́jú a sì di ẹni tí à ń sá fún. Nígbà tí ó bá pọ̀ jù, wọ́n a fi ọwọ́ kàn án. Ó yẹ kí a rántí pé abala 210 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ òfin, ọ̀rọ̀ Awo ni.

Nítorí Ifá kì í fi ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀. Babaláwo kì í dúró ní ẹnu ọ̀nà kí ó máa kéde ohun tí ó ṣe ẹni tí ó wá. Oníbèéèrè a sọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ jẹ́jẹ́ sí owó tàbí sí ọ̀pẹ̀lẹ̀. Odù a yọ. Ìbò a ya ire sọ́tọ̀ kúrò lára ibi. Bí ó bá sì jẹ́ ibi, a tún béèrè irú èyí tí í ṣe: ikú ni bí, àrùn ni bí, òfò ni bí, ìjà ni bí. Àrùn wà nínú ohun tí à ń béèrè kí ẹnikẹ́ni tó ya ẹnu sọ̀rọ̀ ọ̀tá. Ìlànà tí ó bá ní sùúrù tó báyìí kò gbọ́dọ̀ di ohun tí à ń fi ìkánjú dá ìyá lẹ́jọ́. Ẹni tí ó bá fo ìbéèrè kọjá, tí ó sì bọ́ sí orí ìdájọ́, ti kúrò nínú ọ̀nà Ọ̀rúnmìlà, àní bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ tilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyálóde tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè

Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ní àpẹẹrẹ kan tí ó yẹ kí a tún wò. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, jẹ́ oníṣòwò ńlá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó ní oko, ó ní ẹrú púpọ̀, ó sì ń fi ohun ìjà ran àwọn ológun lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí kú sórí ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Ìtàn sọ pé láti ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ ti le mọ́ àwọn ẹrú rẹ̀, tí ìwà òǹrorò sì dé. Ní ọdún 1874, Ààrẹ Látòósà yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì pa á nínú ilé ara rẹ̀ ní ọdún kan náà. Eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ti mú kí tọmọdé tàgbà mọ orúkọ rẹ̀. Òǹrorò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì mọ̀ ọ́n sí títí di òní.

Ìyà tí ó fi jẹ àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní àwíjàre. Ọ̀fọ̀ kò fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti gba ẹ̀mí ẹlòmíràn. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ méjì wà níbẹ̀. Èkíní: ọ̀fọ̀ tí a kò tọ́jú a máa yí padà di ìkanra, ìkanra a di ìkà, àwọn tí kò lágbára ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Èkejì: òpìtàn Bọ́láńlé Awẹ́ ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ òṣèlú wà nínú ìṣubú Ìyálóde náà, kò fara mọ́ ogun àjàìsinmi tí Látòósà ń gbé lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó tọ́ ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ìkanra ti bo òótọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.  Àdánù tí ìkanra ń fà nìyí: àròyé tòótọ́ ẹni tí ń kanra a pàdánù etí. Ìyá tí ó ń sọ pé iṣẹ́ ilé pọ̀ jù fún òun ń sọ òótọ́. Nítorí pé pẹ̀lú ariwo ni ó fi sọ ọ́, ariwo nìkan ni ilé gbọ́.

Ìwà, ọmọ Sùúrù

Ifá sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé Ìwà ni ìyàwó Ọ̀rúnmìlà, pé Sùúrù ni ó bí Ìwà, àti pé ọ̀dọ̀ Olódùmarè ni Sùúrù ti wá. Ìtàn náà sọ pé ìṣe Ìwà kò tẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn, ó sì lé e lọ. Lẹ́yìn tí ó lọ tán, ilé dàrú, iyì kúrò, àwọn tí ń wá bi Ifá léèrè kò wá mọ́, títí Ọ̀rúnmìlà fi gbé ara rẹ̀ dìde láti wá a kiri láti ilé dé ilé. Ọmọ Awo máa ń sọ ìtàn yìí fún ọ̀dọ́ láti kọ́ wọn ní ìwà pẹ̀lẹ́. Ó kan ẹni ọ̀sán ayé pẹ̀lú, láti ọ̀nà méjì.

Ó kan àwọn ará ilé: ẹni tí ìṣe rẹ̀ ṣòro ní àkókò kan kì í ṣe ẹni tí à ń lé dànù, nítorí pé ohun tí yóò bá a jáde lè jẹ́ iyì ilé náà. Ó sì kan ẹni tí ń kanra fúnra rẹ̀: họ́mónù lè mú kí ọ̀rọ̀ kíkan dé ẹnu, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ẹnu ni yóò jíhìn ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde. Láti mọ ìdí ìkanra kì í ṣe láti fún un láṣẹ. Bákan náà ni sùúrù kì í ṣe pé kí a gbé ohun gbogbo mì, kí a máa rẹ́rìn-ín, kí inú sì máa jó. Sùúrù tí ó bí Ìwà ni sùúrù tí ń dúró béèrè, tí ń dúró gbọ́ èsì.

Ọwọ́ méjì ní Àró

Àwọn kan máa ń rò pé ẹni tí ó bá lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn òyìnbó ti kọ Ifá sílẹ̀, tàbí pé ẹni tí ó bá bọ Orí rẹ̀ ti kọ ilé ìwòsàn. Àpẹẹrẹ tí ó tako èrò yìí kò jìnnà sí Èkó. Ní ọdún 1954, ní Àró lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ọpọlọ ní ìlú òyìnbó, dá ètò kan sílẹ̀ tí ó ya ayé lẹ́nu. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sí abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ìbátan wọn kan. Wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń bá ará abúlé gbé. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wọ inú iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Lambo ni ó wá di igbákejì olùdarí àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ohun tí ó mọ̀ ni ohun tí agbo ilé Yorùbá ti mọ̀: ara àti ọkàn máa ń yá kíákíá níbi tí wọ́n bá ti mọ orúkọ ènìyàn.

Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kò wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ti ń fi egbò asofẹ́yẹjẹ mú ara àwọn tí orí wọn dàrú rọ̀ kí àwọn onímọ̀ òyìnbó tó mọ̀ pé irú igi bẹ́ẹ̀ ní èròjà reserpine, tí wọ́n fi ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn ọpọlọ ní àwọn ọdún 1950. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà tún kíyè sí i pé èròjà kan náà lè mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù bí a bá pa á pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn. Ìdí nìyí tí àgbo kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ àṣírí fún dókítà, tí oògùn dókítà kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ àṣírí fún babaláwo.

Ohun tí ọwọ́ lè tó

Fún ẹni tí ń kanra. Kí ó fi oṣù méjì tàbí mẹ́ta kọ ọjọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tí ó kanra, ọjọ́ tí nǹkan oṣù dé, òru tí kò sùn. Ìwé kékeré yẹn yóò sọ ohun tí ẹnu kò lè ṣàlàyé. Kí ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndò, kò sì dìgbà tí ènìyàn bá rọ kí ó tó lọ síbẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá àti súgà lè fi ìdí hàn. Fún àwọn obìnrin kan, dókítà lè dárúkọ oògùn tí ń dá họ́mónù padà. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò yẹ gbogbo ara, pàápàá ẹni tí ó ti ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì rí, nítorí náà a kì í rà á lójú ọ̀nà. Ìrìn ẹsẹ̀ kí oòrùn tó mú ń ran oorun lọ́wọ́. Obì, kọfí àti ọtí ní alẹ́ lè lé oorun lọ, wọ́n sì lè mú kí ooru òjijì pọ̀ sí i. Obì tí a fi bọ Ifá, obì ni. Ẹni tí oorun ń ṣòro fún lè tọ́ ọ wò ní òwúrọ̀, kí ó sì fi ti alẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí ìkanra bá ń bọ̀, ara máa ń mọ̀ ṣáájú ẹnu: àyà a gbóná, eyín a di pọ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni kí ó sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n jáde díẹ̀," kí ó sì jáde. Bí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́, kí ó padà wá tọrọ àforíjì, àní lọ́wọ́ ọmọ ọdún méje. Àforíjì àgbà kì í dín àgbà kù.

Fún ará ilé. Kí ọkọ má ṣe bi ìyàwó léèrè nígbà tí iná ń jó, kí ó dúró di òwúrọ̀, kí ó wá sọ pé, "Ìyá Fọláwẹ̀, mo rí i pé oorun rẹ kò dáa mọ́. Kí ni ara ń wí?" Ìbéèrè yẹn yàtọ̀ sí "Kí ló dé tí o fi ń bínú sí mi?" Kí àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà pín iṣẹ́ ilé láìdúró de ariwo. Kí ẹni tí ó ń gbọ́ ìkanra wá òótọ́ tí ó wà lábẹ́ ohùn náà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òye pe ìlù ní àìsàn. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2007 lòdì sí ìwà ipá inú ilé kò yọ ọ̀sán ayé sílẹ̀, Ifá kò sì yọ ọ́ sílẹ̀.

Fún babaláwo àti ìyánífá. Ìbọrí, ewé òdúndún, rinrin àti tẹ̀tẹ̀, omi ìgbín tí ó tutù: gbogbo wọn ń sọ fún Orí pé a fẹ́ kí ó tutù. Ẹni tí wọ́n bọ Orí rẹ̀ lójú àwọn ará ilé rẹ̀ rí nǹkan kan gbà tí oògùn kò lè fún un: ilé gbà ní gbangba pé ara rẹ̀ kò yá, wọ́n sì fẹ́ ẹ. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Kí a fi ìbéèrè kún un: ọjọ́ orí rẹ, nǹkan oṣù rẹ, oorun rẹ, oògùn tí o ń lò. Bí oníbèéèrè bá sọ pé òun ń ronú láti gba ẹ̀mí ara òun, tí ó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí ó bá ti lo ọjọ́ mélòó kan láìsùn láìrẹ̀, kí wọ́n bá a gbéra lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà. Ẹbọ lè tẹ̀ lé e. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà pàápàá ti yí ohùn padà: ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ń pe aláìsàn ọpọlọ ní wèrè. Bí òfin bá lè yí orúkọ burúkú padà, agbo ilé náà lè ṣe é.

Ọ̀sán kì í pẹ́ títí. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, bí àyípadà náà bá ti kọjá, ìkanra a fúyẹ́, oorun a padà, ohùn a sì rọ̀. Ohun tí yóò kù ni ohun tí wọ́n sọ fún un àti ohun tí òun náà sọ ní àkókò tí oòrùn wà lórí. Àwọn ọmọ yóò rántí rẹ̀. Ilé tí ó béèrè yóò ní ìyá tí ó ṣì lè jókòó sí àárín wọn nígbà tí alẹ́ bá lẹ́. Ilé tí ó dájọ́ yóò ní àga tí ó ṣófo, wọn kò sì ní mọ ìgbà tí ó ṣófo.

Kí Orí tutù. Kí ara mókun. Kí Ìwà má ṣe kúrò nílé ẹnikẹ́ni. Kí ọ̀sán gbogbo ẹni tí ó wá sí ọdún yìí rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kí alẹ́ wọn sì sàn ju òwúrọ̀ lọ. Ẹbọ á fín, ẹbọ á dà. Àṣẹ.